Bọ́bìnì tó dá dúró àbí bọ́bìnì tó ní rẹsisitáǹsì: èwo ni kí ẹ fún ẹ́ńjìnì àtijọ́ inú ọkọ̀ omi yín?

Ẹ gbé bọ́bìnì (kọ́ìlì tó ń fún bùjí ní iná) tó ti kú lọ bá ẹni tó ń ta pààtì ọkọ̀ ní ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ ní irú rẹ̀ lẹ ń wá. Yóò gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún yín. Gbogbo wọn rí bí agolo gígùn, ẹnu tí wáyà ńlá ń wọ̀ kò yàtọ̀, irin tí wọ́n fi ń dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnì bára mu, wọ́n sì tẹ "12V" sí gbogbo wọn lára. Ẹ óò mú èyí tí owó rẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ óò sì máa lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí "12V" yẹn kò sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ fún yín. Ohun méjì ló yẹ kí ẹ béèrè: ọ́ómù mélòó ni bọ́bìnì yìí (ìyẹn, báwo ló ṣe ń dí iná lọ́nà tó), kí ló sì ti wà lójú ọ̀nà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti bọ́bìnì nínú ọkọ̀ mi? Rẹsisitáǹsì ni ohun kékeré tó ń dín iná kù kó tó dé bọ́bìnì: bọ́bìnì kan nílò rẹ̀, òmíràn dá dúró láìsí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọkọ̀ fáíbà kan tó ti pẹ́, ẹ́ńjìnì ẹ̀sáǹsì (pẹtiróòlù) onísìlíńdà mẹ́rin wà nínú ikùn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù láti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ lọ sí àwọn abúlé Aguégués. Láàárọ̀, kíá ni yóò dáhùn. Bó bá di nǹkan bí ìdajì wákàtí lórí omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, yóò sì kú pátápátá. Wọn a fi ọ̀pá tì í wọ ẹ̀bá koríko, wọn a jókòó, ẹ́ńjìnì a tutù, a sì tún dáhùn bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ bú ẹ̀sáǹsì, wọ́n ní kpayo (ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́) tí wọ́n rà ní omi nínú. Wọ́n fọ kàbúrétọ̀. Wọ́n pààrọ̀ bùjí (pílọ́ọ̀gì), wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́nsà, wọ́n pààrọ̀ plátíìnì (kọ́ńtáàtì) lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo bá wọn lọ, bó ṣe kú báyìí ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan bọ́bìnì yẹn wò." Wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sì yára fà á padà. Ó gbóná débi pé èèyàn kò lè ka ení, èjì tán lórí rẹ̀. Nígbà tí a wá tọ wáyà rẹ̀ lọ sẹ́yìn, a rí rẹsisitáǹsì alámọ̀ funfun kan tí wọ́n kàn mọ́ pátákó, ẹnìkan sì ti fi wáyà kúkúrú so etí rẹ̀ kan mọ́ ìkejì. Ẹni tó ṣe é rò pé òun ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé láti ọjọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnì ti ń tètè dáhùn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́bìnì tí wọ́n ṣe láti máa jẹ nǹkan bíi fóòtì (V) 7 ti wá ń gbé gbogbo fóòtì 13 àti ààbọ̀ mì.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò kàn kúrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná ọ̀sà Àjàṣẹ́, Yamaha ni wọ́n gbé kọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn yẹn kò ní rẹsisitáǹsì. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí lórí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń bí iná tiwọn, bọ́bìnì wọn kò sì bá fóòtì 12 bátìrì tan. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ọn, ẹ óò bà á jẹ́ ni. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní bùjí, kò kàn án.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ẹ́ńjìnì ẹ̀sáǹsì nínú ikùn ọkọ̀, tó ní bátìrì, tó ní dẹ́líkò tí plátíìnì wà nínú rẹ̀, àti bọ́bìnì alágolo kan. Irú àwọn OMC, MerCruiser àti Volvo Penta àtijọ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ inú omi: ti General Motors ni MerCruiser ń lò jù, Volvo Penta sì ń lo ti Volvo. Ìdí nìyẹn tí iná wọn fi jọ ti mọ́tò àtijọ́, tí pààtì mọ́tò fi ń wọ̀ ọ́ láìyẹ.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Àgbádárìgì àti Èkó, tí ọ̀sà kan náà gbé wa dé ọ̀dọ̀ ara wa: ohun tí à ń pè ní bọ́bìnì ni ẹ̀yin ń pè ní kọ́ìlì, bùjí wa ni pílọ́ọ̀gì yín, plátíìnì ni kọ́ńtáàtì yín, dẹ́líkò ni dìsíbútọ̀, dẹ́márọ̀ ni sítátà.

Ohun tó ń lọ nínú agolo náà

Wáyà méjì ni wọ́n wé sínú bọ́bìnì. Àkọ́kọ́ nípọn díẹ̀, ìgbà tí wọ́n wé e yípo kò pọ̀. Èkejì tín-ín-rín bí irun, wọ́n sì wé e tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Bí plátíìnì bá panu dé, iná bátìrì yóò gba inú wáyà àkọ́kọ́ kọjá lọ sí ara ẹ́ńjìnì. Bí plátíìnì bá lanu, iná yẹn yóò já lójijì, jíjá yẹn ni yóò sì bí iná tó lé ní 20,000 fóòtì nínú wáyà kejì, tí yóò fò kọjá lẹ́nu bùjí.

Nítorí náà, bí iná tó wà nínú wáyà àkọ́kọ́ bá ṣe pọ̀ tó nígbà tí plátíìnì lanu ni iná bùjí yóò ṣe le tó. Bó bá kéré jù, bùjí yóò máa ta iná pupa tí kò lágbára. Bó bá pọ̀ jù, plátíìnì yóò jó, yóò ní kòtò lójú kan àti òkìtì lójú kejì, bọ́bìnì yóò sì máa sun ara rẹ̀ nínú. Nǹkan bí áńpíà 4 (áńpíà ni a fi ń ka iye iná tó ń kọjá) ni plátíìnì lè máa gé fún ìgbà pípẹ́ láìbàjẹ́. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ fi wéra yìí, ọ̀nà láti dúró nítòsí áńpíà 4 yẹn ni wọ́n.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ mú fóòtì, ẹ fi ọ́ómù pín in, áńpíà ni yóò jáde. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ bọ́bìnì àti rẹsisitáǹsì, ọ́ómù wọn ni; wáyà àbùjá, màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú.

| Ohun tí ẹ so pọ̀ | Àpapọ̀ ọ́ómù | Áńpíà tí bátìrì bá wà ní 13.8 | Áńpíà tí dẹ́márọ̀ bá ń yí, bátìrì wà ní 10 |
|---|---|---|---|
| Bọ́bìnì 3 nìkan | 3 | 4.6 | 3.3 |
| Bọ́bìnì 1.5 + rẹsisitáǹsì 1.5, pẹ̀lú wáyà àbùjá | 3 | 4.6 | 6.7 |
| Bọ́bìnì 1.5 nìkan | 1.5 | 9.2 | 6.7 |
| Bọ́bìnì 3 + rẹsisitáǹsì 1.5, kò sí àbùjá | 4.5 | 3.1 | 2.2 |

Òpin ibi tí iná lè dé bí plátíìnì bá panu dé tí kò lanu mọ́ ni àwọn nọ́ńbà yìí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, wọn yóò kéré sí i, nítorí plátíìnì kì í jẹ́ kí iná kún tán kó tó gé e. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò yí padà. Ìlà kìíní àti ìkejì dára. Ìkẹta ni ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ń jó nǹkan. Ìkẹrin ni ẹ̀bi tó fara sin jù, nítorí kò ní jó ohunkóhun: ẹ́ńjìnì yóò kàn jẹ́ aláìsàn. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ óò yí i títí bátìrì yóò fi rẹ̀. Bí ẹ bá kó ẹrù tó wúwo, tí ẹ tẹ iná fún un, yóò máa wúkọ́, bùjí yóò sì dúdú. Ẹ óò máa bá kàbúrétọ̀ jà, bẹ́ẹ̀ bọ́bìnì tuntun tí ẹ fi owó rà ló ń jìyà lẹ́yìn rẹsisitáǹsì tí kò nílò.

Níbi ìṣíná: rẹsisitáǹsì ló borí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé rẹsisitáǹsì kàn ń jẹ iná lásán ni, ẹ wo òpó tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì yẹn dáadáa. Dẹ́márọ̀ ni ohun tó ń jẹ iná jù nínú ọkọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bátìrì tó ní 12.6 yóò bọ́ sí 10, ti bátìrì tó ti gbó sì lè kéré sí i. Àsìkò tí ẹ́ńjìnì tutù, tó nílò iná tó le jù, ni iná ń kéré jù.

Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe írésà. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kúrò lórí bátìrì fóòtì 6 bọ́ sórí 12 láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n fi rẹsisitáǹsì sójú ọ̀nà kó máa jẹ fóòtì tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n sì fa wáyà kejì láti ara sólẹ́nọ́ìdì dẹ́márọ̀ (súwíìsì ńlá tó ń gbé iná fún un) wá sí bọ́bìnì tààrà. Wáyà yìí ni mo pè ní àbùjá. Lára àwọn sólẹ́nọ́ìdì kan, wọ́n kọ "I" sí ìdí rẹ̀, lára àwọn mìíràn "R". Nígbà tí dẹ́márọ̀ bá ń yí nìkan ni iná ń gbà á, kò sì kan rẹsisitáǹsì rárá. Bọ́bìnì 1.5 yóò gba gbogbo fóòtì 10, áńpíà 6 sí 7, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò ní pẹ́ débi tí yóò fi sun. Bí ẹ bá ti ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, rẹsisitáǹsì yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Bọ́bìnì 3 kò ní àǹfààní yìí, áńpíà 3.3 ló máa rí.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń ra bọ́bìnì àti rẹsisitáǹsì, wọn kò sì ní fa àbùjá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n san owó ohun méjì, wọ́n sì rí èrè ẹyọ kan. Ẹ sì ṣọ́ra o: àbùjá kò gbọdọ̀ wá láti ìdí kékeré tí kọ́kọ́rọ́ fi ń pàṣẹ fún dẹ́márọ̀. Bí ẹ bá so bọ́bìnì mọ́ ibẹ̀, iná bọ́bìnì lè padà lọ dì í mú, dẹ́márọ̀ kò sì ní fẹ́ dúró mọ́.

Ètò yìí tún máa ń sọ àìsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá dáhùn nígbà tí ẹ ń yí i, tó sì kú ní kété tí ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, rẹsisitáǹsì ló ti já. Bó bá kọ̀ tí kò dáhùn ní gbogbo ìgbà tí dẹ́márọ̀ ń yí, tó wá gbá mú ní kété tí ẹ jù ú sílẹ̀, àbùjá ló já. Mo ti rí ẹni tó tú dẹ́márọ̀ palẹ̀ nítorí ìkejì yìí.

Níbi ooru: ọ̀rọ̀ kò tẹ̀ sí ibì kan

Bọ́bìnì 3 tó dá dúró, gbogbo ooru rẹ̀ inú agolo ló ń wà. Ní áńpíà 4.6, nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 63 ni. Ní ti ètò oní-rẹsisitáǹsì, wọ́n pín ooru náà sí méjì: wọ́ọ̀tì 32 nínú bọ́bìnì, 32 lára rẹsisitáǹsì lóde. Bọ́bìnì tó wà nínú àpótí ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn kò wọ̀, lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta ní Àjàṣẹ́, yóò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ tún fi wé bọ́bìnì 1.5 tí wọ́n yọ rẹsisitáǹsì rẹ̀: wọ́ọ̀tì 127. Kò yani lẹ́nu pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò lè dúró.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú wáyà rẹsisitáǹsì àtijọ́ tí mo fẹ́ràn. Bó bá gbóná, ọ́ómù rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, plátíìnì ń panu dé pẹ́, iná púpọ̀ ń kọjá, rẹsisitáǹsì gbóná, ó sì dín iná kù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ iná, plátíìnì kì í pẹ́ lójú kan, rẹsisitáǹsì tutù díẹ̀, ó sì jẹ́ kí iná kọjá sí i ní àsìkò tí ẹ́ńjìnì nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì ooru tí wọ́n kó jáde nínú bọ́bìnì yẹn, ibo ló lọ? Ọkọ̀ ilẹ̀ ní atẹ́gùn lábẹ́, ilẹ̀ sì ṣí. Ikùn ọkọ̀ omi dà bí ìkòkò. Èéfín ẹ̀sáǹsì, ìyẹn èyí tó ń fò jáde lára ẹ̀sáǹsì tútù, wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó, kò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Rẹsisitáǹsì tí wáyà rẹ̀ wà níta láìní ìbòrí, tó gbóná tó sì ní ìdí tó ti tú, tó ń ta iná wẹ́wẹ́, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rí nínú ikùn ọkọ̀ tó gbé èèyàn. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ bò ni kí ẹ rà, ẹ dè é mọ́ irin, kì í ṣe mọ́ pátákó bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e sókè, jìnnà sí rọ́bà ẹ̀sáǹsì àti sí omi tó ń jọ sínú ọkọ̀.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn: àwọn tó ń mú dẹ́líkò, dẹ́márọ̀ àti àlútánétọ̀ (tó ń fi iná kún bátìrì) ọkọ̀ ilẹ̀ sínú ọkọ̀ omi. Ìta wọn jọra. Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ omi, wọ́n ṣe é kí iná tó bá ta nínú rẹ̀ má lè jáde lọ bá èéfín ẹ̀sáǹsì. Òfin Coast Guard (ẹ̀ṣọ́ ojú omi) ti Amẹ́ríkà fi dandan lé e fún ẹ́ńjìnì ẹ̀sáǹsì, ìlànà tí wọ́n sì fi ń dán an wò ń jẹ́ SAE J1171. Plátíìnì inú dẹ́líkò ń ta iná nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó pamọ́, ẹ fi pamọ́ lórí bọ́bìnì, kì í ṣe lórí àwọn mẹ́ta yẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí àpótí ẹ́ńjìnì, ẹ fi imú gbọ́ òórùn ìsàlẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ní fáànù, ẹ jẹ́ kó fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán.

Níbi eré: ẹ ka sìlíńdà yín

Wáyà àkọ́kọ́ nínú bọ́bìnì kì í kún fún iná lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba àsìkò. Ti bọ́bìnì 1.5 ń tètè kún ju ti 3 lọ, nítorí ìgbà tí wọ́n wé wáyà rẹ̀ yípo kéré. Ṣé èyí kàn yín? Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin tó ń yí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan nílò iná bùjí bí ìgbà 133 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́bìnì 3 ní àsìkò tó láti kún. Onísìlíńdà mẹ́jọ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ nílò 267, ìdajì àsìkò yẹn ló ní. Níbẹ̀, bọ́bìnì 3 lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà bí ẹrù bá pọ̀, bọ́bìnì 1.5 pẹ̀lú rẹsisitáǹsì rẹ̀ ló sì tọ́ sí i. Fún mẹ́rin, èmi kò rí i pé ó ṣe pàtàkì.

Níbi omi iyọ̀: bí ìsopọ̀ bá ṣe kéré tó ló dára tó

Omi ọ̀sà wa kò dúró sójú kan. Nígbà tí odò Wémè bá kún, láti oṣù kẹjọ lọ, omi dídùn ni yóò bo gbogbo rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun yóò gba Kútọnu wọlé, yóò gba adágún Nokoué, yóò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rinrin oníyọ̀ yìí ni ọ̀tá ìdí wáyà. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára bàbà yẹn, rẹsisitáǹsì ni òun náà, àfi pé ẹnikẹ́ni kò ra á. Ètò oní-rẹsisitáǹsì fi ìdí wáyà mẹ́rin, márùn-ún kún èyí tí ẹ ti ní, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì lè jí fóòtì. Bọ́bìnì tó dá dúró: wáyà kan wọlé, wáyà kan jáde lọ sí dẹ́líkò. Fún ọkọ̀ tó ń sun inú omi, àǹfààní ńlá lèyí.

Wáyà tó ń fara pamọ́

Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, ẹ óò wá rẹsisitáǹsì títí, ẹ kò ní rí i, nítorí wáyà ni. Wọ́n ṣe wáyà kan lára ìdìpọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá pẹ̀lú irin tó ní ọ́ómù, ó sì rí bíi wáyà yòókù. Bí ẹ bá ra bọ́bìnì 3 sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ìlà kẹrin tábìlì lẹ já sí láìmọ̀. Bí ẹlòmíràn bá sì rí i pé wáyà náà gbó, tó fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀, ìlà kẹta nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ẹ má gba ohun tí ojú rí gbọ́. Mítà ni kí ẹ bi.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Mítà kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà tó. Ẹ fi sí ọ́ómù tó kéré jù, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ sì rántí nọ́ńbà tó mú jáde, bíi 0.3, ẹ óò yọ ọ́ kúrò. Ẹ tú wáyà kúrò lára bọ́bìnì, ẹ wọ̀n ọ́n láti ìdí + sí ìdí −. Nǹkan bí 3, bọ́bìnì tó dá dúró ni. Nǹkan bí 1.5, ó ń wá ẹnìkejì rẹ̀. Bó bá wà ní 0.6 tàbí kó kéré sí i, ti ẹ̀rọ ìgbàlódé ni: ẹ má ṣe jẹ́ kó kan plátíìnì, áńpíà tó lé ní 20 ló lè fà. Ìwọ̀n yìí lẹ lè ṣe níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó yọ owó.

Ẹ wá so wáyà padà, kí ẹ wọ̀n fóòtì tó ń dé ìdí +. Ìbí yìí ni àwọn mẹkáníkì tó gbọ́n pàápàá ti ń ṣubú. Bí plátíìnì bá lanu, iná kò rìn, bí iná kò bá sì rìn, rẹsisitáǹsì kò ní ohun tó máa jẹ: fóòtì 12 pé pérépéré lẹ óò rí, ẹ óò sì ní kò sí rẹsisitáǹsì. Àfi kí plátíìnì panu dé. Ẹ fi wáyà kan so ìdí − bọ́bìnì mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ yára kà á, ẹ tì í padà. Tí ẹ bá rí 6 sí 8, rẹsisitáǹsì wà níbì kan, pẹ̀lú bọ́bìnì 1.5. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi fóòtì bátìrì, kò sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan yí dẹ́márọ̀ bí ẹ ṣe ń wo mítà: ìdí + gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tí bátìrì ní lásìkò yẹn. Èéfín ẹ̀sáǹsì ò gbọdọ̀ sí níbi tí ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí.

Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ́ńjìnì kò yí, kódà kí ẹ máa gbọ́ rédíò. Bó bá bá plátíìnì níbi tó ti panu dé, bọ́bìnì yóò máa sè títí ẹ óò fi rántí rẹ̀. Ìdí + àti − pẹ̀lú, ẹ má pààrọ̀ wọn: − ló ń lọ sí dẹ́líkò nínú ọkọ̀ tí − bátìrì rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá yí i sódì, ẹ́ńjìnì yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ iná bùjí kò ní le bó ṣe yẹ.

Ọ̀nà kẹta: kí ẹ yọ plátíìnì kúrò

Ohun kékeré kan wà tó ń wọ inú dẹ́líkò dípò plátíìnì, pẹ̀lú òrùka mágínẹ́ẹ̀tì. Kò ní ohun tó ń jó, kò sí ìṣàtúnṣe. Ẹni tó bá lè rí ojúlówó rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ omi, yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa: ó ní iye ọ́ómù bọ́bìnì tó fẹ́, wáyà tó ń bọ́ ọ sì fẹ́ fóòtì 12 tó pé, kó tó dé rẹsisitáǹsì. Bó bá bàjẹ́ lójú omi, kò sí ohun tí ẹ lè gbo lára rẹ̀ kó tún ṣiṣẹ́. Plátíìnì, ẹ lè fi bébà oníyanrìn gbo ó kí ẹ sì wálé. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá gbé e wọ̀ pé kó tọ́jú plátíìnì àti kọ̀ǹdẹ́nsà àtijọ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá nínú ọkọ̀.

Èyí tí èmi máa mú

Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin, bátìrì tó dára, ọkọ̀ tó ń sun inú ọ̀sà: bọ́bìnì 3, kí ẹ sì yọ rẹsisitáǹsì tàbí wáyà oníọ́ómù kúrò pátápátá, kí ẹ fa wáyà tuntun láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ẹ pàdánù níbi ìṣíná, ẹ óò rí i gbà padà níbi ìdí wáyà tí kò sí mọ́ láti bàjẹ́. Ẹ gbé bọ́bìnì kúrò lórí ẹ́ńjìnì bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ dè é mọ́ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ dé.

Onísìlíńdà mẹ́jọ, tàbí ẹ́ńjìnì tó máa ń lọ́ra láti dáhùn, tàbí ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti ń dàgbà tí kò sì tíì lówó òmíràn: bọ́bìnì 1.5 àti rẹsisitáǹsì rẹ̀, pẹ̀lú àbùjá. Mo tún un sọ, pẹ̀lú àbùjá. Ẹ ra rẹsisitáǹsì méjì, kí ìkan wà nínú àpótí irinṣẹ́. Bó bá já lójú omi tí ẹ kò ní òmíràn, ẹ lè fi wáyà so etí rẹ̀ méjèèjì láti fi dé èbúté, kí ẹ máà dúró rárá lójú ọ̀nà, kí ẹ sì tú wáyà yẹn kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan gbàgbé ló kó bá ẹ̀gbọ́n mi.

Tiwọn, bọ́bìnì 3 la fi sí i. Mítà mú 3.1 jáde nígbà tí a wọ̀n ọ́n lórí tábìlì lọ́jà. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára agolo náà gàdàgbà, "3.1, KÒ FẸ́ RẸSISITÁǸSÌ", kí ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wa lè rí i kó tó mú píláyà.